Quartz tó pọ̀ jù nínú òkúta ojú ọ̀nà Ìdànrè

Èsì tó wà lórí bébà ni pé quartz, ọ̀kan nínú àwọn èròjà tó para pọ̀ di òkúta, kó 63% nínú òkúta náà, feldspar kó 22%, àwọn dúdú, ìyẹn biotite àti hornblende, sì kó 15% tó kù. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹyìn kan ló ni iṣẹ́ ọ̀hún. Kúárì kan lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ìdànrè ló ti gbé òkúta rẹ̀ wá, irú gíránáìtì tí ẹni tó bá ti gun Òkè Ìdànrè rí ti fi ẹsẹ̀ tẹ̀: ẹyọ feldspar ńláńlá, òmíràn gùn tó ìka ọwọ́, tí wọ́n há sínú ara òkúta tó ṣe dúdú ṣe funfun. Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀ fi báírò pupa yí 63% yẹn po, ó kọ "Láéláé!" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ní kó lọ tún un ṣe.

Yàrá tí a ti ń gé òkúta, tí a ti ń dán an, ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ fi kàn mí. Ó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ sílẹ̀ níwájú mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Kọ̀ǹpútà ló kà á o, kì í ṣe èmi." Mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn tó dàgbà jù ú lọ. Wọ́n gbà pé ohun tí kọ̀ǹpútà bá ti kà, iyàn ti tán níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ̀ǹpútà kò mọ quartz, kò sì mọ feldspar. Ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ nìkan ló mọ̀. Ẹni tó ya fótò ló gbọ́dọ̀ rí i dájú pé àwọ̀ kan kò dúró fún èròjà méjì.

Olùkọ́ náà kò sọ̀rọ̀ láìnídìí. Nínú àtẹ tí Albert Streckeisen ṣe agbátẹrù rẹ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ òkúta káàkiri àgbáyé fi ń sọ òkúta lórúkọ, a ó kọ́kọ́ yọ àwọn èròjà dúdú kúrò, a ó wá ṣírò quartz àti oríṣi feldspar méjèèjì, ìyẹn plagioclase àti feldspar oní-potassium, bíi pé àwọn nìkan ni 100%. Gíránáìtì ni ohun tí quartz rẹ̀ bá wà láàárín 20% sí 60%. Ti akẹ́kọ̀ọ́ wa, tí a bá yọ 15% dúdú kúrò, quartz rẹ̀ di 74%. Ìyẹn ti kúrò ní gíránáìtì pátápátá, ó ti bọ́ sí ibi tí òkúta ṣọ̀wọ́n sí gan-an. Òkúta tó kún fún feldspar tí ojú lásán ń rí láti ẹ̀gbẹ́ títì! Kò bá ibi kankan jọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kò pin sí ọ̀dọ̀ ìdánwò nìkan. Nígbà tó lọ gba òkúta ní kúárì, fóòmàn ibẹ̀ ti sọ fún un pé, "Ọmọ mi, eyín ẹ̀rọ wa ń tètè jẹ ní apá ibí yìí. Tí ẹ bá dé ọ̀hún, ẹ bá wa wò ó bóyá ohun kan wà nínú rẹ̀." Eyín tí baba náà ń wí ni àwọn irin tó ń rún òkúta nínú ẹ̀rọ. Ìbéèrè rẹ̀ sì mọ́gbọ́n wá. Ní orí òṣùwọ̀n Mohs, tí a fi ń wọn bí èròjà ṣe le tó, ipò 7 ni quartz wà, feldspar wà ní 6, biotite kò kọjá 2.5 sí 3. Bí quartz bá ṣe pọ̀ sí ni irin ṣe ń jẹ sí. Eruku quartz yìí kan náà ló ń wọ ẹ̀dọ̀fóró àwọn tó ń fọ́ òkúta tí wọn kò bo imú, tó ń di àìsàn tí kò ní ìwòsàn sí wọn lára. Ẹni tó bá sọ fún kúárì pé 63% ni quartz òkúta wọn ti sọ ohun tó lágbára.

Ìpìlẹ̀ tó ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé

Ọgbọ́n tí gbogbo iṣẹ́ yìí dúró lé lórí kò ní kọ̀ǹpútà nínú rárá. Ní ọdún 1847, ará Faransé kan, Achille Delesse, fi hàn pé ìdá tí èròjà kan kó lójú òkúta tí a gé ló ń kó nínú òkúta náà látòkè délẹ̀, bí òkúta náà bá ti pò dáadáa. Ẹni tó bá fi ọ̀bẹ la móínmóín tí wọ́n rún ẹja sí máa mọ ohun tó ń wí: ẹja tó bá hàn lójú ibi tí ọ̀bẹ gbà ni yóò sọ fún un bí ẹja ṣe pọ̀ tó nínú gbogbo rẹ̀. Delesse dán ojú òkúta, ó tẹ́ awọ fẹ́lẹ́ tó mọ́ gaara lé e, ó ya ojú ìlà èròjà kọ̀ọ̀kan, ó kùn ún ní àwọ̀ tirẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin fẹ́lẹ́, ó gé e lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì gbé e sórí òṣùwọ̀n. Iṣẹ́ sùúrù! Ní 1898, August Rosiwal ní Austria fi wíwọn gígùn lórí ìlà rọ́pò gígé. Ní 1933, Glagolev ní Rọ́ṣíà ní kí a kàn fi àwọn àmì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sójú òkúta, kí a ka iye àmì tó bọ́ sórí èròjà kọ̀ọ̀kan. Títí dòní, tí ìjà bá dé, kíka àmì yìí la fi ń là á.

Àwòrán kọ̀ǹpútà kò yàtọ̀ sí ti Glagolev. Ó kàn jẹ́ pé àmì ibẹ̀, tí à ń pè ní píksẹ́lì, ń lọ sí mílíọ̀nù. Ohun tí Glagolev ní tí kọ̀ǹpútà kò ní ni ojú tó mọ òkúta.

Ohun tí fótò náà rí

Mo ní kó ṣe bó ṣe ṣe é fún mi. Ó ti fi ayùn oní-dáyámọ́ǹdì gé àwẹ́ òkúta kan, fífẹ̀ rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10, gígùn rẹ̀ tó 20. Ó da omi sí i kí àwọ̀ rẹ̀ lè jáde, ó gbé e síta lọ́sàn-án, ó fi fóònù yà á. Ó gbé fótò náà sínú ImageJ, ètò ọ̀fẹ́ tí Wayne Rasband bẹ̀rẹ̀ ní 1997 ní àjọ ìlera National Institutes of Health ní Amẹ́ríkà. Sẹ́ẹ̀lì ara ni wọ́n ṣe é fún, ṣùgbọ́n àwa onímọ̀ òkúta ti sọ ọ́ di tiwa tipẹ́. Ó sọ fótò di aláwọ̀ eérú, tí píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan fi ní nọ́ńbà láti 0, tó jẹ́ dúdú kirikiri, dé 255, tó jẹ́ funfun báláú. Ó wá pààlà: ohun tó bá wà lábẹ́ 70 ni dúdú, láti 70 dé 165 ni quartz, ohun tó bá ju ìyẹn lọ ni feldspar.

Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kò ná wa ní kọ́bọ̀. Mo ní kó da omi sí òkúta náà bíi ti tẹ́lẹ̀, kó gbé e sí ibi tó gbé e sí, kó yí orí rẹ̀ sí ibi tí ìdí rẹ̀ wà, kó tún un yà, kó má yí ààlà kankan padà. Òkúta kan náà, ojú kan náà. Quartz já sí 48%.

Ó wo mi, mo wò ó. Quartz tó tó ìdá 15 ti pòórá láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

A wá jókòó, a fẹ fótò méjèèjì títí píksẹ́lì fi hàn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹyọ feldspar ńlá kan wà ní igun kan. Nínú fótò àkọ́kọ́, igun yẹn bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tí òjìji ọwọ́ rẹ̀ ṣí bò, ni feldspar náà bá ń ka 140, 150, ó di quartz. Nínú fótò kejì, oòrùn bọ́ sórí ẹyọ náà gan-an, ó ń ka 200 lọ sókè, ó di feldspar. Ibi tí omi ti kóra jọ ń dán bíi dígí, ó ń ka 255, kódà níbi tí biotite dúdú wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ojú lẹ́ǹsì fóònù náà kì í mú ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ bó ṣe ń mú ti àárín, gbogbo igun fótò a máa ṣókùnkùn díẹ̀. Fóònù òde òní kì í sì í fi fótò sílẹ̀ bó ṣe rí i. Ó ń fi kún ìmọ́lẹ̀ níbi kan, ó ń dín in kù níbòmíràn kí ojú èèyàn lè gbádùn rẹ̀. Ìyẹn dára fún fótò ọjọ́ ìbí. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ó fi fótò náà pamọ́ ní JPEG, èyí tó ń dín àwọ̀ kù kí fáìlì lè fúyẹ́.

Gbogbo ìyẹn ṣeé tún ṣe. Ìṣòro tó le ju gbogbo rẹ̀ lọ wà lára òkúta fúnra rẹ̀. Quartz inú gíránáìtì mọ́ gaara, kò ní àwọ̀ tirẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lò ń rí nínú rẹ̀: tí biotite bá wà nísàlẹ̀, quartz á ṣókùnkùn, tí feldspar bá wà nísàlẹ̀, á funfun. Plagioclase òkúta yìí sì jẹ́ eérú tó fẹ́ẹ́ jọ ti quartz. Nígbà tí mo ní kó ṣí àtẹ tó ń fi iye píksẹ́lì hàn fún nọ́ńbà ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan, òkè kékeré kan wà lápá òsì fún àwọn dúdú, òkè ńlá kan ṣoṣo sì wà láàárín fún gbogbo èyí tó kù. Kò sí àfonífojì láàárín quartz àti feldspar tí èèyàn lè pààlà sí. Ibi tó pààlà sí, ní 165, jẹ́ ẹ̀gbẹ́ òkè lásán. Tó bá sún un sí 155, quartz á tún já.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí la ṣe máa da ara wa láàmú? Ẹ jẹ́ kí ètò náà fúnra rẹ̀ yan ààlà." Ó ń sọ nípa ọ̀nà tí Nobuyuki Otsu ará Japan gbé kalẹ̀ ní 1979, tó ń wá ibi tí a lè gé àtẹ sí kí apá kọ̀ọ̀kan lè jọ ara wọn jù. Ọ̀nà tó dára ni, mo ń lò ó. Ṣùgbọ́n Otsu kì í sọ pé "kò sí ààlà níbí". Bí o bá gbé òkè kan ṣoṣo fún un, yóò bá ọ gé e ní àgéṣubú, yóò sì fún ọ ní nọ́ńbà. Inú mi kì í dùn sí ohun tí kò mọ bí a ṣe ń sọ pé "n kò mọ̀".

Ó wá yí padà pé òun ò ṣe ti kọ̀ǹpútà mọ́, pé kí òun kàn lọ fi ojú ka àmì lábẹ́ maikirosíkóòpù. Mo ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Lábẹ́ maikirosíkóòpù, pẹlẹbẹ òkúta tí a lọ̀ títí tó fi ku ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lọ ní fífẹ̀. Ẹyọ feldspar kan ṣoṣo nínú òkúta rẹ̀ lè bo gbogbo rẹ̀. Fún gíránáìtì tí ẹyọ rẹ̀ kéré, ó dára. Fún ti ojú ọ̀nà Ìdànrè, ẹni tó bá fi pẹlẹbẹ kan dájọ́ ń ta tẹ́tẹ́ ni.

Ọ̀nà tí a gbà tún un ṣe

A yanjú ìmọ́lẹ̀ pẹ̀lú sikánà ọ́fíìsì, irú èyí tí a ń gbé bébà lé lórí. Iná rẹ̀ ń bá ojú òkúta rìn, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ tó kan apá òsì náà ló ń kan apá ọ̀tún. Ìwọ̀n píksẹ́lì rẹ̀ kì í yí padà, kò sì sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó máa ṣíji bò ó. A dán ojú àwẹ́ náà dáadáa, a tẹ́ ọ̀rá fẹ́lẹ́ tó mọ́ sórí gíláàsì kó má baà ha, a da ojú òkúta dé e. Ní 600 dpi, ìyẹn píksẹ́lì 600 nínú ínṣì kan, píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bíi ìdá 42 nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà, gbogbo àwẹ́ náà sì di píksẹ́lì tó lé ní mílíọ̀nù 11. A pa gbogbo ohun tó ń fúnra rẹ̀ tún àwọ̀ ṣe, a fi pamọ́ ní TIFF dípò JPEG. Lẹ́yìn ìyẹn, bó ti wù kí a yí òkúta náà, àwọn dúdú kò kúrò lójú kan. Ṣùgbọ́n quartz àti feldspar ṣì ń jẹ́ orúkọ ara wọn.

Nítorí ìyẹn la ṣe kùn ún. Ọ̀nà tí a ń gbà kun feldspar kì í ṣe tuntun. Bailey àti Stevens tẹ ìlànà kan jáde ní Amẹ́ríkà ní 1960 tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ṣì ń tẹ̀ lé. Wọ́n á fi hydrofluoric acid jẹ ojú òkúta náà fẹ́ẹ́rẹ́ kí feldspar lè ṣí. Quartz kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ti ásíìdì náà láàárín àkókò kúkúrú yẹn. Wọ́n á ri òkúta bọ inú sodium cobaltinitrite: potassium tó wà nínú feldspar oní-potassium á fa á mọ́ra, ibẹ̀ á di yẹ́lò. Wọ́n á fi barium chloride fọ̀ ọ́, wọ́n á wá da aró tí à ń pè ní potassium rhodizonate sí i, plagioclase á di pupa. Quartz á ku eérú rẹ̀, biotite á ku dúdú rẹ̀. Èròjà mẹ́rin, àwọ̀ mẹ́rin.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ sórí ásíìdì yẹn. Mo ti rí àwọn tó ń kọ ọ̀nà yìí sílẹ̀ bíi pé ọbẹ̀ ni wọ́n fẹ́ sè. Hydrofluoric acid kò jọ ásíìdì bátìrì. Ó lè kan awọ kó má ta èèyàn lójú ẹsẹ̀, kó máa wọlé lọ títí dé egungun, kó máa gba kálísíọ́mù inú ẹ̀jẹ̀, ọkàn lè dáwọ́ dúró. Ó ń jẹ gíláàsì, nítorí náà ike la fi ń gbé e. Nínú àpótí tó ń fa èéfín síta nìkan la ti ń ṣí i, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ tó yẹ, ìbòjú, àti oògùn calcium gluconate nítòsí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ náà kò fọwọ́ kàn án. Ọ̀gá tó ní ìwé àṣẹ rẹ̀ ló ṣe é, àwa dúró lẹ́yìn gíláàsì. Ibi tí kò bá sí àpótí afèéfín tó ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n gbàgbé kíkùn, kí wọ́n lọ ka àmì.

Nígbà tí àwẹ́ náà gbẹ, akẹ́kọ̀ọ́ wa dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ohun tó ń pè ní quartz ní igun òsì ti yẹ́lò kanrin. Ibi tó pè ní "feldspar" lásán ti pín sí méjì, yẹ́lò àti pupa, tí wọ́n wọ inú ara wọn. Nínú ẹyọ yẹ́lò kan tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà kan, èèyàn rí biotite wínníwínní tó tò bí ẹyọ náà ṣe ń dàgbà, ìlà kan nínú ìlà kan, pẹ̀lú plagioclase kéékèèké tó pupa láàárín wọn. Kò sí èyí tó hàn nínú wọn nínú fótò fóònù.

A tún un sikáàn. A lo Trainable Weka, tí a ń fi kún ImageJ kan náà: èèyàn á fi ọwọ́ fa ìlà lé ibi tó dá a lójú pé quartz ni, ibi tó dá a lójú pé plagioclase ni, ètò náà á kọ́ àwọ̀ wọn, á sì pín gbogbo píksẹ́lì tó kù. Mo ní kó má fa ìlà sí àárín ẹyọ tó dára nìkan, kó fa díẹ̀ sí ibi tó dọ̀tí, nítorí pé òkúta kò ní dára fún un níbi gbogbo. Etí ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Píksẹ́lì tó bá bọ́ sí àárín yẹ́lò àti dúdú á di àwọ̀ ilẹ̀, ètò náà lè sọ ọ́ sí ibi tó wù ú, biotite tó sì rí pẹlẹbẹ tó tín-ín-rín fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ etí lásán. A sikáàn apá kan ní 1200 dpi láti fi wò ó. Ìdá dúdú kò yí ju ìdajì ìdá kan lọ, a fi í sílẹ̀.

Ohun méjì tún wà tí àwọ̀ kò lè dá mọ̀. Plagioclase tó ti ń bàjẹ́ máa ń ní mica (ẹbí biotite) kéékèèké nínú, mica yẹn ní potassium, nítorí náà ó lè gba yẹ́lò díẹ̀ níbi tó yẹ kó pupa. Ìkejì, feldspar oní-potassium òkúta yìí ní okùn plagioclase tó kéré ju píksẹ́lì lọ nínú ara rẹ̀. Ti ìkejì kò dààmú mi, nítorí pé nínú àtẹ Streckeisen, gbogbo irú ẹyọ bẹ́ẹ̀ la ń kà mọ́ feldspar oní-potassium. Ti àkọ́kọ́, ojú èèyàn ló ń rí i.

Ìdí nìyẹn tí a fi ka àmì. A fi àpapọ̀ àmì 1,000 sórí àwòrán tí a ti kùn, ẹlòmíràn tí kò mọ èsì kọ̀ǹpútà kà á. Kọ̀ǹpútà sọ pé quartz jẹ́ 33%, ẹni tó kà á sọ pé 31%. Bí èròjà kan bá wà ní nǹkan bíi 30%, àmì 1,000 lè ṣì í ní nǹkan bíi ìdá 3 sókè tàbí sísàlẹ̀, nítorí náà àwọn méjèèjì kò bára wọn jà.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà bi mí ní ìbéèrè tó dùn mọ́ mi nínú níbí. "Tó bá jẹ́ pé àmì 1,000 ń ṣì ní ìdá 3, ṣé mílíọ̀nù 11 ò ní í péye tí kò ní í kù síbì kan?" Ó dà bíi pé bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n píksẹ́lì méjì tó wà nínú ẹyọ feldspar kan náà kì í ṣe ẹ̀rí méjì. Ẹyọ feldspar tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà kan, tó fẹ̀ ní ìdajì rẹ̀, lè ní píksẹ́lì tó lé ní 25,000, gbogbo wọn sì ń sọ ohun kan ṣoṣo: pé ẹyọ yìí wà níbí. Ohun tó ń pinnu bí èsì ṣe péye tó ni iye ẹyọ tó wà lójú òkúta. Mo rí ìwé tí wọ́n ti kọ quartz ní 27.413% sílẹ̀. Ẹ̀rín ló ń pa mí.

Ẹyọ ńlá tí kò sí nínú àwẹ́

Èsì àwẹ́ náà wá rí báyìí: quartz 33%, plagioclase 29%, feldspar oní-potassium 21%, dúdú 17%. Quartz tó ti wà ní 63% ti padà sí ààyè gíránáìtì. Olùkọ́ ì bá fọwọ́ sí i. Èmi ni mi ò jẹ́ kó gbé e lọ, nítorí pé nígbà tó ń gé òkúta, ó ti yan ibi tí ayùn máa gbà láìní wàhálà, ìyẹn àárín àwọn ẹyọ ńlá. Àwẹ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ẹyọ ńlá kankan. Bẹ́ẹ̀, ojú kúárì kún fún wọn.

Ó padà sí kúárì. Fóòmàn bá a fọ ojú òkúta tuntun kan tó tẹ́jú pẹ̀lú omi, wọ́n jẹ́ kó gbẹ, wọ́n fi igi ìwọ̀n mítà kan tì í, ó yà á lápá tí oòrùn kò bọ́ sí, pẹ̀lú fóònù yẹn náà. Fóònù dára tó fún èyí, nítorí pé kì í ṣe àwọ̀ la fẹ́ kà, ìrísí ni. Ó fi ọwọ́ fa etí gbogbo ẹyọ feldspar tó gùn ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, kọ̀ǹpútà sì ṣírò ààyè wọn. A lo ààlà sẹ̀ǹtímítà kan yẹn fún àwẹ́ náà, a bo ìwọ̀nba ẹyọ tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ mọ́lẹ̀ kí a tó kà, kí a má baà ka ẹyọ kan lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ẹyọ náà dojú kọ apá kan náà, ìyẹn kò ba ìṣírò jẹ́. Tó bá jẹ́ pé wọ́n kó jọ ní ìpele-ìpele ni, fótò ojú kan kì bá tó.

Ẹyọ ńlá kó 25% nínú fótò kan, ó kó 20% nínú fótò kejì tó sún sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn ṣe. Bí ẹyọ ńlá bá jẹ́ 25%, ara òkúta tó kù, irú èyí tó wà nínú àwẹ́ náà, jẹ́ 75%. Quartz gbogbo òkúta á jẹ́ 33% nínú 75% yẹn, ìyẹn nǹkan bíi 25%. Plagioclase á jẹ́ nǹkan bíi 22%. Dúdú á já sí nǹkan bíi 13%. Feldspar oní-potassium, tí ti ara òkúta jẹ́ nǹkan bíi 16%, á gba 25% ẹyọ ńlá kún un, á di 41%. Nínú gbogbo feldspar, plagioclase wá kó 34.8%. Ní orí àtẹ Streckeisen, ààlà láàárín syenogranite àti monzogranite, tí wọ́n jẹ́ oríṣi gíránáìtì méjì, wà ní 35%. Bí ẹyọ ńlá bá jẹ́ 20%, plagioclase á kó 38.7% nínú feldspar, òkúta á sì wọ monzogranite. Àwẹ́ nìkan tí kò ní ẹyọ ńlá? 58%, monzogranite láìsí àríyànjiyàn.

Fótò méjì láti ojú kúárì kan náà, orúkọ méjì. Ó fẹ́ kí n yan ọ̀kan fún un. Mo ní kó kọ èyí tó rí: quartz láàárín 25% sí 26%, plagioclase láàárín 22% sí 23%, feldspar oní-potassium láàárín 37% sí 41%, àti pé òkúta náà jókòó sórí ààlà. Olùkọ́ náà fa ìlà sábẹ́ "jókòó sórí ààlà", ó béèrè iye ẹyọ ńlá tó kà nínú fótò kọ̀ọ̀kan, ó sì ní kó ya ojú òkúta sí i.

Ti fóòmàn ṣì kù. Quartz ìdá kan nínú mẹ́rin kò ju ohun tí gíránáìtì máa ń ní lọ, nítorí náà eyín ẹ̀rọ tó ń jẹ kì í ṣe nítorí pé òkúta apá ibẹ̀ ṣàjèjì. Ohun tó kù ni láti wo apá kejì kúárì, tí fóòmàn ní eyín kì í tètè jẹ níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ti mú òkúta rẹ̀ wá. Ó dúdú, ó ṣe àwọ̀ ewé, charnockite ni, irú èyí tó wà káàkiri Àkúrẹ́. Feldspar inú rẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣókùnkùn débi pé ojú lásán lè pè é ní dúdú. Ìyẹn la máa kùn kí ẹnikẹ́ni tó ya fótò rẹ̀.